Aṣọ Tí Ó Yẹ fún Iṣẹ́ Nínu Gíláàsì Fèrèsé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Láti fi kọ́ ọmọ ní ìtẹríba ni a sábà máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi nínu fèrèsé ṣe iṣẹ́ òòjọ́ mọ̀ pé òtítọ́ pọ́ńbélé ni lẹ́nu iṣẹ́ tiwọn pẹ̀lú. Aṣọ tuntun tí ó ń dán ní ìsọ̀ oníṣòwò lè fi irun àti ìlà sí ojú gíláàsì títí tí olówó iṣẹ́ yóò fi bínú. Àkísà tí a ti fọ̀ ní àfọ̀túnfọ̀ sì lè mú kí gíláàsì kan náà mọ́ gaara bí ẹni pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé aṣọkáṣọ tí ọwọ́ bá ṣáà ti tẹ̀ ni a lè fi nu fèrèsé kò tíì mọ ojú iṣẹ́ náà.

IṢẸ́ TÍ KÒ YẸ KÍ A FOJÚ TÍN-ÍN-RÍN

Ní ayé àwọn baba ńlá, pákó ni a fi ń ṣe fèrèsé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó ṣí i. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó tì í, kò sì sí ẹni tí í ronú pé ó yẹ kí a máa fọ̀ ọ́. Nígbà tí ó yá, fèrèsé lúfà dé, èyí tí gíláàsì rẹ̀ tò ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fèrèsé gíláàsì gbàǹgbà tí a fi alumíníọ̀mù yí ká dé. Ní Ìbàdàn, a ṣí Ilé Kòkó alájà 26 ní ọdún 1965. Láti ìgbà náà wá, ilé gíga onígíláàsì kò ṣọ̀wọ́n mọ́ ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Kódà ní àwọn ìletò, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ti ń lo gíláàsì. Gíláàsì kì í sì í wẹ ara rẹ̀.

Báyìí ni nínu fèrèsé ṣe di iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń jẹun. Baba mìíràn a máa kọ háà bí ó bá gbọ́ pé iṣẹ́ tí ọmọ òun ń ṣe ní ìlú ńlá nìyẹn. A ní, "Ṣé nítorí kí o lè máa nu fèrèsé onífèrèsé ni mo ṣe ta kòkó rán ọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́?" Irú baba bẹ́ẹ̀ kò rántí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí ó lọ kàwé ní London ní àwọn ọdún 1950 àti 1960 ni ó fi iṣẹ́ ìmọ́tótó ilé àti ọ́fíìsì ran ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó gba oyè. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ohun tí ó yẹ kí baba náà bèèrè ni bóyá ọmọ òun mọ iṣẹ́ náà dójú àmì, nítorí pé gíláàsì ńlá kan ṣoṣo tí a bá fi aṣọ burúkú hà lè gbé gbogbo èrè oṣù kan lọ mọ́ ẹni tí ó nù ún lọ́wọ́, kí ó sì tún ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ní ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà tí ó kù.

IYANRÌN LE JU GÍLÁÀSÌ LỌ

Kí ènìyàn tó ra aṣọ, ó yẹ kí ó mọ ọ̀tá tí aṣọ náà yóò bá jà. Ní ọdún 1812, Friedrich Mohs, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tí ó mọ̀ nípa òkúta, ṣe òṣùwọ̀n kan tí a fi ń mọ bí òkúta kan ti le tó sí òmíràn. Ó fi 1 fún èyí tí ó rọ̀ jù lọ, ó sì fi 10 fún dáyámọ́ńdì tí ó le jù lọ. Ìlànà rẹ̀ kò ṣòro: ohun tí ó bá le ni í ha ohun tí ó bá rọ̀. Lórí òṣùwọ̀n yìí, gíláàsì fèrèsé wà ní nǹkan bí 5 ààbọ̀, ṣùgbọ́n kúọ́tísì, òkúta tí ó pọ̀ jù nínú iyanrìn, wà ní 7. Ìtumọ̀ èyí ni pé hóró iyanrìn kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, lè ha gíláàsì gẹ́gẹ́ bí ìṣó ti í ha pákó.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, ọyẹ́ máa ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá. Hóró iyanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú eruku yìí. Bí ẹnì kan bá mú aṣọ gbígbẹ, ì báà ṣe aṣọ àrán, tí ó fi í nu gíláàsì tí eruku ọyẹ́ bò, kì í ṣe nínù ni ó ń nù ún, híha ni ó ń ha á. Ìlà tí ó bá fà síbẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí tí ọṣẹ lè fọ̀ kúrò. Títí ayé gíláàsì náà ni yóò wà níbẹ̀, nígbàkígbà tí oòrùn bá sì ràn sí i, gbogbo ojú ni yóò máa rí i.

Ìdí nìyí tí òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà fi jẹ́ pé omi ni í ṣíwájú, aṣọ ni í tẹ̀lé e. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku kúrò lára gíláàsì àti férémù rẹ̀. Kí a fi omi púpọ̀ tí a kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí rin gíláàsì náà gbingbin, kí omi sì gbé iyanrìn náà lọ kí aṣọ tó débẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÀMÌ MẸ́RIN TÍ A FI Ń MỌ AṢỌ RERE

Aṣọ tí ó bá yẹ fún gíláàsì ní àmì mẹ́rin. Àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ máa fa omi mu. Aṣọ tí kì í fa omi a kàn máa ti omi kiri lójú gíláàsì ni. Bí omi náà bá sì gbẹ, ìdọ̀tí inú rẹ̀ a di ìlà. Èkejì, kò gbọ́dọ̀ máa já irun. Fọ́nrán òwú kì í gùn. Púpọ̀ nínú wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 4 lọ. Bí aṣọ òwú bá ṣì tuntun, àwọn fọ́nrán tí kò dì mọ́ra dáadáa a máa já kúrò lára rẹ̀, wọn a sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹ̀kẹta, kò gbọ́dọ̀ sí sítáàṣì, epo, tàbí ohun olóòórùn dídùn tí a fi ń mú aṣọ rọ̀ lára rẹ̀, nítorí ohunkóhun tí ó bá wà lára aṣọ ni yóò kó ara rẹ̀ sí ojú gíláàsì. Ẹ̀kẹrin, kò gbọ́dọ̀ ní ohun líle lára, bí bọ́tìnnì, síìpù, ìkọ́, tàbí ojú rírán tí ó gan.

Bí a bá fi àmì mẹ́rin yìí wo àwọn aṣọ tí ó wà nínú ilé, ọ̀rọ̀ òwe àwọn àgbà yóò hàn kedere. Ànkárá tuntun kò yege, nítorí sítáàṣì tí ó wà lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó tètè fa omi. Táwẹ̀lì onírun gígùn a máa fa omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì tuntun irun rẹ̀ kò ní jẹ́ kí gíláàsì sinmi. Ẹ̀wù pọlíẹ́sítà, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, kì í fa omi mu bí òwú. Ṣòkòtò jíǹsì ní irin àti ojú rírán líle lára, aró rẹ̀ a sì máa ṣí. Ṣùgbọ́n síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tí baba ti wọ̀ fún ọdún púpọ̀, tàbí aṣọ ìtẹ́bùsùn òwú tí ó ti gbó, yege nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo ìgbà tí a ti fọ̀ ọ́ ni fọ́nrán tí kò dì mọ́ra ti ń bá omi lọ, ni sítáàṣì ń tán lára rẹ̀, tí òwú rẹ̀ sì ń là sílẹ̀ láti fa omi. Èyí ni àṣírí àkísà àgbà.

Àwọn kan a máa fi bébà ìwé ìròyìn dán gíláàsì. Ní ilé ara ẹni, èyí kò burú, nítorí bébà kì í já irun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gba owó iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí bébà bá ti tutù tán, a máa ya. Tádà rẹ̀ a sì máa kun férémù funfun àti ọwọ́ ẹni tí ó mú un. Kíkà ni a ṣe ìwé ìròyìn fún.

AṢỌ MÁRÙN-ÚN TÍ ÀWỌN ONÍṢẸ́ Ń LÒ

Yàtọ̀ sí àkísà òwú tí a ti mẹ́nu bà, oríṣi mẹ́rin mìíràn ni ó gbajúmọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà káàkiri ayé.

Ọ̀kan ni aṣọ ìnuwọ́ àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ. Òwú ni a fi hun ún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí kókó-kókó, kò ní irun gígùn bí ti táwẹ̀lì. Nítorí pé irun aṣọ kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí ojú ọgbẹ́, a hun ún ní ọ̀nà tí kì í fi í já irun púpọ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bí ilé ìwòsàn bá ti lò ó tí wọ́n sì ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn oníṣòwò a máa rà á, wọn a sì tà á fún àwọn tí ń nu fèrèsé. Bí ó bá ṣe ń gbó sí i ni iye rẹ̀ ń pọ̀ sí i lójú wọn.

Èkejì ni aṣọ ọ̀gbọ̀. Àwọn tí ó ń ka Bíbélì mọ orúkọ aṣọ yìí dáadáa. Ara igi ewéko ọ̀gbọ̀ ni a ti ń yọ fọ́nrán rẹ̀, ilẹ̀ Ireland sì lókìkí púpọ̀ nípa híhun rẹ̀. Fọ́nrán rẹ̀ gùn ju ti òwú lọ, ìdí nìyí tí kì í fi í tètè já irun. Ohun ìyanu kan sì wà nípa rẹ̀: bí ó bá tutù, a máa lágbára ju ìgbà tí ó gbẹ lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìrandíran àwọn anufèrèsé ni ó ti lo oríṣi aṣọ ọ̀gbọ̀ kan tí a hun ní àfo-àfo bí àwọ̀n, tí wọ́n ń pè ní sìkírímù. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, a máa gan paali bí àpò kòkó. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ ní ìgbà mélòó kan, yóò rọ̀, yóò sì máa mu omi bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Aṣọ yìí kò wọ́pọ̀ ní ọjà ilẹ̀ Yorùbá. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé àpò ìdọ̀họ lè dípò rẹ̀ nítorí pé ojú wọ́n jọra. Àpò ìdọ̀họ le, a sì máa já irun lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe aṣọ rárá, awọ ni. Orúkọ ẹranko kan tí ó jọ ewúrẹ́, tí ń gbé orí òkè gíga ní ilẹ̀ Yúróòpù, ni wọ́n fi ń pè é ní awọ ṣámì, ṣùgbọ́n ní òde òní awọ àgùntàn ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Òróró ẹja ni wọ́n fi ń ṣe é kí ó lè rọ̀. A máa mu omi púpọ̀, kì í sì í já irun. A ní láti kọ́kọ́ rì í sínú omi, kí a fún un, kí a tó fi í kan gíláàsì, nítorí pé bí ó bá gbẹ, a máa gan. Ọ̀tá rẹ̀ ni ọṣẹ líle tí ń já epo, nítorí pé irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ a máa fọ òróró inú rẹ̀ dànù, awọ náà a sì dà bí pọ̀nmọ́ tí ó gbẹ. Omi lásán tàbí ọṣẹ jẹ́jẹ́ ni kí a fi fọ̀ ọ́, kí a sì sá a sí abẹ́ ibòji.

Ẹ̀kẹrin, tí ó sì gba ipò iwájú ní òde òní, ni aṣọ máíkírófáíbà. Ní ọdún 1970, Miyoshi Okamoto, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé iṣẹ́ Toray ní ilẹ̀ Japan, rí ọ̀nà láti ṣe fọ́nrán tí ó tínrín rékọjá. Láti ṣe aṣọ tí ó jọ awọ rírọ̀ ni a kọ́kọ́ lò ó. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn rí i pé irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ dára púpọ̀ fún ìnu-nǹkan. Fọ́nrán tí a bá ń pè ní máíkírófáíbà tínrín débi pé bí a bá na ẹyọ kan rẹ̀ ní mítà 9,000, ìwọ̀n rẹ̀ kò ní tó gíráàmù 1. Pọlíẹ́sítà àti náílọ́nù ni a pa pọ̀ láti fi ṣe é. Ohun tí a sábà máa ń rí lára rẹ̀ ni ìdá 80 pọlíẹ́sítà àti ìdá 20 náílọ́nù nínú 100, tàbí 70 àti 30.

Ènìyàn lè bèèrè pé, bí ẹ̀wù pọlíẹ́sítà kò bá fa omi, báwo ni èyí ṣe wá ń fà á? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú lílà tí a la fọ́nrán náà. Nígbà tí a bá là á sí wẹ́wẹ́, àlàfo kéékèèké tí kò níye yóò wà láàárín fọ́nrán kan sí èkejì, omi yóò sì máa gun àlàfo wọ̀nyí bí epo ti í gun òwú àtùpà. Etí mímú fọ́nrán tí a là sì ń fa ọ̀rá àti ìdọ̀tí tí òwú lásán lè fò. Ìdí nìyí tí aṣọ yìí fi lè nu gíláàsì pẹ̀lú omi lásán láìsí ọṣẹ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń fa ìdọ̀tí náà ni ó ń di iyanrìn mú. Ẹni tí kò bá máa ṣàn án lemọ́lemọ́ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé iyanrìn láti fèrèsé kan lọ sí èkejì.

BÍ A TI Ń DÁN AṢỌ WÒ NÍ ỌJÀ

Ayédèrú pọ̀ ní ọjà. Kì í ṣe gbogbo aṣọ tí a kọ orúkọ máíkírófáíbà sí lára ni a la fọ́nrán rẹ̀. Olùrà tí ó gbọ́n ní ọ̀nà tí ó lè fi dá wọn mọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbẹ ra ojú aṣọ náà. Bí a bá la fọ́nrán rẹ̀, yóò máa di awọ ọwọ́ mú bí ẹni pé ó ní èékánná kéékèèké. Bí a kò bá là á, yóò máa yọ̀ lọ bí ìborùn sílíkì. Kí ó da omi díẹ̀ sórí tábìlì, kí ó sì fi aṣọ náà ti omi náà jẹ́jẹ́. Èyí tí ó dára yóò mu omi náà lójú ẹsẹ̀. Ayédèrú yóò máa tì í síwájú bí ìgbálẹ̀ ti í ti omi òjò. Kí ó fi aṣọ náà ra aṣọ dúdú kan, kí ó wò ó bóyá irun funfun bọ́ sí i lára. Níkẹyìn, kí ó fi ìka tẹ̀lé etí aṣọ náà yí po. Bí etí rẹ̀ bá le, tàbí bí ìwé àmì ilé iṣẹ́ tí a rán mọ́ ọn bá gan, kí ó gé ìwé náà kúrò, kí ó sì ṣọ́ra fún etí náà.

Fún gíláàsì, èyí tí ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ tí irun rẹ̀ sì kúrú ni ó dára jù. Mítà kan níbùú lóròó irú aṣọ bẹ́ẹ̀ a máa wọn nǹkan bí gíráàmù 200 sí 350. Èyí tí ó nípọn tí irun rẹ̀ sì ga, tí àwọn tí ń fọ mọ́tò fẹ́ràn, a máa mu omi púpọ̀, ṣùgbọ́n a máa fi ọ̀rinrin sílẹ̀ lójú gíláàsì.

AṢỌ KAN KÒ LÈ ṢE GBOGBO IṢẸ́

Ní ọdún 1936, Ettore Steccone, ará Italy tí ó ń nu fèrèsé ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ọ̀pá idẹ fúyẹ́ kan tí ó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu, tí a fi ń fa omi ọṣẹ kúrò lójú gíláàsì ní fífà kan. Irú ọ̀pá onírọ́bà yìí ni ó wà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ títí di òní. Ó gbé iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù kúrò lọ́rùn aṣọ, ṣùgbọ́n kò lé aṣọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Rọ́bà kò lè nu ara rẹ̀, kò lè wọ igun férémù, kò sì lè gbẹ omi tí ó ṣàn sórí pèpéle fèrèsé. Lára fèrèsé lúfà, tí gíláàsì rẹ̀ kéré tí ó sì súnmọ́ra, aṣọ ni ó ṣì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù.

Nítorí náà, oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ a máa pín iṣẹ́ fún àwọn aṣọ rẹ̀ bí baálé ti í pín iṣẹ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan wà fún nínu ẹnu rọ́bà lẹ́yìn ìfà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà fún etí àti igun gíláàsì. Èyí ni ó gbọ́dọ̀ dára jù lọ, aṣọ ọ̀gbọ̀ tàbí máíkírófáíbà pẹlẹbẹ ni ó sì yẹ ẹ́. Ọ̀kan wà fún pèpéle àti férémù, níbi tí iyanrìn àti ìgbẹ́ aláǹgbá máa ń wà. Àkísà òwú tó fún èyí. Òfin tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ni pé aṣọ pèpéle kò gbọ́dọ̀ padà kan gíláàsì. Kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀, ó dára kí àwọ̀ wọn yàtọ̀: kí a fi aṣọ aláwọ̀ kan sílẹ̀ fún gíláàsì, kí a sì fi aláwọ̀ mìíràn sílẹ̀ fún pèpéle, kí ẹni tí ó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ má ṣi èyí mú fún ìyẹn.

Ọgbọ́n kan tún wà tí í mú kí aṣọ kan ṣe iṣẹ́ mẹ́jọ. Kí a ṣẹ́ aṣọ onígun mẹ́rin po sí méjì, kí a sì tún un ṣẹ́ po sí méjì. Ojú mẹ́jọ ni a ó ní láti lò, mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Bí ojú kan bá ti dọ̀tí tàbí tí ó tutù jù, kí a yí i padà. Bí mẹ́jọ bá ti pé, kí aṣọ náà bọ́ sínú àpò ẹlẹ́gbin, kí a mú òmíràn. Ẹni tí ó bá lọ sí ilé alájà pẹ̀lú aṣọ méjì péré ti mọ̀ọ́mọ̀ lọ fi ìdọ̀tí àjà ìsàlẹ̀ nu àjà òkè.

Omi àti àsìkò pẹ̀lú ní ipa tiwọn. Omi kànga mìíràn ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú, èyí tí ń fi ojú funfun sílẹ̀ bí ó bá gbẹ. Omi òjò tí a gbè mọ́ tónítóní dára jù ú lọ. Kí a sì yẹra fún oòrùn ọ̀sán gangan, nítorí pé omi ọṣẹ yóò gbẹ mọ́ gíláàsì kí aṣọ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

FÍFỌ̀ ÀTI PÍPAMỌ́

Aṣọ rere tí a kò bá tọ́jú kò pẹ́ tí yóò fi di aṣọ burúkú. Kí a fọ aṣọ gíláàsì lọ́tọ̀. Bí a bá fọ máíkírófáíbà pọ̀ mọ́ táwẹ̀lì òwú, gbogbo irun táwẹ̀lì náà ni yóò kó mọ́ra. Kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, kí a sì ṣàn án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Kí a má ṣe fi ohun tí ń mú aṣọ rọ̀ sí i, nítorí pé a máa di àlàfo inú fọ́nrán rẹ̀, aṣọ náà kò sì ní fa omi mọ́. Kí a má ṣe lọ̀ ọ́, kí a má sì ṣe sè é, nítorí pé pọlíẹ́sítà àti náílọ́nù ń yọ́ bí iná bá pọ̀. Aṣọ òwú àti aṣọ ọ̀gbọ̀ ni a lè sè láìsí ewu.

Ní ti bílíìsì, ìkìlọ̀ ńlá wà. A máa jẹ fọ́nrán máíkírófáíbà run, ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ó burú jù. Ọ̀pọ̀ omi ìnu-gíláàsì tí a ń rà nínú ike ní amóníà nínú. Bí aṣọ tí ó ti mu irú omi bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sínú garawa bílíìsì, tàbí bí a bá da méjèèjì pọ̀, èéfín olóró yóò jáde, tí ó lè jó ojú àti ọ̀fun, tí ó sì lè pa ènìyàn nínú yàrá tí atẹ́gùn kò sí. Kí àwọn òbí tí ọmọ wọn ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ èyí mọ́ wọn létí ju gbogbo ohun mìíràn lọ.

Kí a má sì ṣe fọ máíkírófáíbà nínú odò. Ike ni pọlíẹ́sítà àti náílọ́nù. Bí a bá ti ń fọ̀ wọ́n ni ẹ̀rún wọn tí ojú kò lè rí ń bá omi lọ sọ́dọ̀ ẹja àti sínú ìkòkò omi àwọn ará ìsàlẹ̀ odò. Inú garawa ni kí a ti fọ̀ ọ́, kí a sì da omi rẹ̀ sí ilẹ̀ jìnnà sí odò àti kànga.

Bí a bá ti fọ̀ wọ́n tán, kí a sá wọn sí ibi tí eruku kò ti ní fẹ́ lù wọ́n. Aṣọ tí a sá sórí koríko etí ọ̀nà lásìkò ọyẹ́ ti padà kó iyanrìn kí ó tó gbẹ. Kí a kó wọn sínú àpò tí ó ní ìdérí. Aṣọ tí ó bá bọ́ sí ilẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ padà kan gíláàsì lọ́jọ́ náà, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan péré ni ó lò nílẹ̀.

ÈRÈ TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Garawa méjì, ọ̀pá onírọ́bà kan, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kan àti ìdì aṣọ rere ni ọ̀dọ́ fi lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé tí kò ga. Èyí tí ó bá ga ń fẹ́ okùn, ìgbànú ààbò àti ẹ̀kọ́ mìíràn, kò sì sí aṣọ tí ó lè rọ́pò wọn. Níbi tí ọ̀dọ́ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún bá ti ń ṣe iṣẹ́ náà, ó yẹ kí wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ra aṣọ ní ìdì, nítorí pé ohun tí a bá rà ní ìdì a máa dínwó ju èyí tí a rà ní ẹyọ lọ. Ẹni tí kò bá sì tíì lágbára láti ra máíkírófáíbà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìtẹ́bùsùn òwú ògbólógbòó tí ìyá rẹ̀ ti pa tì. Kí ó gé e sí ìwọ̀n kan náà, kí ó fọ̀ ọ́ mọ́, kí ó sì yọ gbogbo ohun líle kúrò lára rẹ̀. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Olówó iṣẹ́ kì í wo aṣọ tí ó wà lọ́wọ́ anufèrèsé. Gíláàsì ni ó ń wò, nígbà tí oòrùn bá là tí gbogbo àṣírí sì hàn. Bí ó bá rí ìlà níbẹ̀, yóò wá ẹlòmíràn. Bí ó bá wò ó tí ó rí igi àgbàlá rẹ̀ kedere bí ẹni pé fèrèsé náà ṣí sílẹ̀, yóò ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́ náà ní oṣù tí ń bọ̀, yóò sì sọ orúkọ rẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀.